Osùn Lábẹ́ Àtíkè

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sunkún. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ ní pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a sórí itan, ó sì sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé, "Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀."

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òbí kì í wo òkú ọmọ. Bí ọmọ bá ṣáájú ìyá rẹ̀ lọ, inú yàrá ni ìyá yóò wà títí wọn yóò fi gbé òkú jáde, kò sì ní mọ ojú oórì náà títí ayé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn ní Èkó, lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ àga náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èèwọ̀ ni."

"Èèwọ̀ ta ni? Ẹ pè mí lórí fóònù pé wọ́n fi ìgò gún ọmọ mi ní Muṣin. Mo wọ ọkọ̀, mo dé, ẹ ní kí n jókòó. Tí mi ò bá rí i, kò tíì kú. Kí ẹnikẹ́ni má gbé pósí gba iwájú mi kọjá o, àfi ẹni tó bá fẹ́ kí n fi ọmú tí mo fi tọ́ ọmọ mi ṣépè fún òun."

Olórí ẹbí náà mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọkọ ọmọ wa, ẹ ti rí òkú náà. Ṣé ojú rẹ̀ ṣeé wò?"

Mo ní kò ṣeé wò.

"Ó dáa. Tí ẹ bá rí ẹni tó lè tún un ṣe, a ó ṣí pósí fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, kó wò ó fìrí, kó wọlé. Tí kò bá ṣeé ṣe, mo máa ní kí wọ́n kàn án pa ní mọ́ṣúárì, kó ṣépè tó bá fẹ́ ṣẹ́. Mi ò lè sin ọmọ kí n tún sin ìyá."

Ó wọlé padà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ronú nípa ojú tí mo ti rí ní ọsibítù. Ìgò ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọlé, ó ya á láti ẹ̀bá etí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, débi pé mo rí eyín rẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti rí eyín. Ojú ọ̀tún ti wú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Iwájú orí, níbi tó ti fi lu kọnkéré gọ́tà, ti jìn wọnú.

Iṣẹ́ ìyàwó mi ni mékọ́ọ̀pù. Òwúrọ̀ Sátidé ni, ó lọ kun ojú ìyàwó tuntun kan ní Muṣin, ó sì ti ṣe é tán. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tuntun náà, tó gbé e dé ọsibítù nínú ẹ̀jẹ̀, ló sọ ohun tó kù fún mi. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu òpópónà wọn láàárín àwọn ọmọkùnrin tó ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Wọ́n ń ju òkò, wọ́n ń fọ́ ìgò mọ́ ògiri láti fi ṣe ọ̀bẹ. Wọ́n bẹ ìyàwó mi pé kó dúró nínú ilé títí yóò fi rọlẹ̀, ó ní ìyàwó tuntun mìíràn ń dúró de òun ní Yábàá. Ó gbá àpótí rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń rìn lẹ́bàá ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń lé bọ̀ ki í mọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó gbé e síwájú ara rẹ̀ bí apata. Ìgò tó yẹ kó ba ọmọkùnrin yẹn, ìyàwó mi ló bà. Ó fi àpótí la ẹni tó mú ìgò náà lórí, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú ìyẹn náà. Nígbà náà ni ẹni tó dì í mú tì í dànù kó lè ráyè sá, ó sì fi iwájú orí lu gọ́tà.

Inú mi dùn pé ó là á lórí. Inú mi ṣì dùn sí i.

Kì í bẹ̀rù ọgbẹ́. Àwọn tó ń ya fíìmù ní àdúgbò wa máa ń pè é láti fi ọgbẹ́ sí ara àwọn òṣèré. Ìda oyin àti òwú ló fi ń ṣe ẹran tó ya, zóbò tó sè títí tó fi ki ló fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pe àwọn ọgbẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ní ọbẹ̀ ata. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ gidi pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti fíìmù lọ. Àwọn obìnrin máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, wọn yóò ní àwọn ṣubú ní balùwẹ̀, àwọn sì fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Yóò ti ilẹ̀kùn. Yóò po osùn mọ́ òrí díẹ̀ lórí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ sí ibi tó dúdú náà kí ó tó fi ohunkóhun mìíràn lé e. Ó ní ẹni tó bá da àtíkè lé ojú tó dúdú láìfi pupa síwájú, eérú ni yóò rí. Ìpara kan wà tí àwọn òyìnbó ń ṣe fún iṣẹ́ yìí kan náà, aláwọ̀ ọsàn, ó rà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e jù sí ìdí dùrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní wọn kò ronú kan aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lù.

"Mo lè bò ó fún yín," ló máa ń sọ fún àwọn obìnrin náà. "Mi ò lè wò ó sàn. Ẹ kó ẹrù yín."

Ọkọ ọ̀kan nínú wọn wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìkúùkù fọ́ dígí ńlá rẹ̀, ó ní ta ló ní kí ìyàwó òun kó ẹrù. Ìyàwó mi fi ẹ̀mú tó fi ń fa irun òkè ojú mú un ní ìsàlẹ̀ etí, ó sì fún un pọ̀, títí ọkùnrin náà fi kúnlẹ̀ sórí àfọ́kù dígí. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀, kò sì tètè gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ̀ dé ni obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti ìyàwó mi wá kí wa. Ọ̀nà tó já sí Ojú Ẹlẹ́gbà ni ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì wà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì kórìíra ara wọn tọkàntọkàn. Ará Òdìkejì ni ìyàwó mi ń pè é. Wọ́n ti jà rí ní gbangba, lórí ìyàwó tuntun kan tó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì. Ìyàwó mi fa wíìgì kúrò lórí rẹ̀, ó jù ú sínú gọ́tà. Òun náà gé ìyàwó mi jẹ lápá. Àpá eyín náà ṣì wà lára rẹ̀ níbi tó sùn sí ní mọ́ṣúárì.

Ó kí Màmá lórí ìkúnlẹ̀, ó kí mi, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ta ló máa kùn ún?"

Mo ní wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì máa ń ṣe é.

"Èwo? Èyí tó ń da páúdà ọmọdé lé òkú lórí bí ẹni ń yí ẹja nínú ìyẹ̀fun? Ká má rí i. Èmi ló máa kùn ún."

"Ẹ̀yin, Àǹtí?"

"Èmi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, òun náà mọ̀. Àmọ́ ojú tí èmi ò rí bà jẹ́ láti gbogbo ọdún yìí wá, ṣé àwọn ọmọ ìta ló máa wá bá mi bà á jẹ́?"

Màmá, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, sọ̀rọ̀ láìyíjú. "Ṣé ìwọ lo gé ọmọ mi jẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Ó fa wíìgì mi, mà. Irun tòótọ́ ni, mà."

Màmá mirí pé òun gbọ́. "Kùn ún."

Ará Òdìkejì ní kí n gbé àpótí ìyàwó mi wá. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì òun kò gbọdọ̀ kan òkú, nítorí kò sí ìyàwó tuntun tó máa jókòó níwájú òun mọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ jáde. Èyí tó bá kan òkú, òkú ló ni ín. Ti olóògbé la ó lò.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tuntun ti Muṣin ti dá àpótí náà padà fún mi. Mi ò tíì ṣí i. Igun rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú níbi tó ti lu orí ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sì wà nínú ihò kọ́kọ́rọ́, mi ò mọ̀ bóyá ti ìyàwó mi ni tàbí ti ẹlòmíràn. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi já a ṣí lórí tábìlì. Àfọ́kù ìgò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo nǹkan tó ti fọ́. Àtíkè oríṣiríṣi ti dàpọ̀ di erùpẹ̀ kan ṣoṣo. Ará Òdìkejì na ọwọ́ sí i, ìgò gé e ní ìka, ó bú u.

"Bó o tiẹ̀ ti kú, o ṣì ń gé mi."

Ó fa ẹ̀jẹ̀ ìka náà mu, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bó ṣe ń mú nǹkan kọ̀ọ̀kan jáde ló ń bá ẹni tó ni ín jà. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ewúrẹ́, èyí tí ìyàwó mi ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ní gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè: "Ẹ wo olè. Ó sọ fún mi lójú ara mi pé obìnrin tó ń tà á ní Yábàá ti kó lọ sí Kútọnu." Ìpara ilẹ̀ òkèèrè tó wà nínú tíúbù dúdú, tí ìyàwó mi ń pè ní Ọ̀gá, tí kì í sì í fún mọ́ ẹnikẹ́ni lójú àfi ẹni tí fọ́tò rẹ̀ yóò pọ̀: "Eléyìí kò fọ́. Ọ̀gá kì í kú." Àtíkè olówó pọ́ọ́kú kan tí wọ́n ń po ní Èbúté-Mẹ́ta níbí, nínú ike tí ìdérí rẹ̀ kì í dé dáadáa: ó gbé e sí imú, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí ló ń lò? Pẹ̀lú gbogbo fáàrí yẹn?" Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ní èyí ni kò jẹ́ kí àágùn Èkó ba òun lórúkọ jẹ́. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀. Abẹ́ kékeré tó fi ń fá irun òkè ojú wà níbẹ̀, àti ẹ̀mú náà, àti kànrìnkànrìn tí ẹ̀jẹ̀ ti mu títí ó fi le bí òkúta. Osùn wà nínú agolo mílíìkì, tí ó fi ọ̀rá dì lẹ́nu. Ọ̀rá náà kò já.

Mọ́ṣúárì ní òwúrọ̀ ìsìnkú: ọkùnrin ibẹ̀ ti fi okùn dúdú rán ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà bí ẹni ń rán àpò gàrí. Ará Òdìkejì wò ó, ó yí sí ọkùnrin náà.

"Ṣé ìyá tìẹ náà, bó o ṣe máa rán an nìyí?"

"Àǹtí, wọ́n ní kí n pa á dé ni. Mo pa á dé."

"Bọ́ síta kí n tó pa ẹnu tìẹ náà dé."

Ó fi abẹ́ já okùn náà. Mo rò pé mo lè wò ó, mo sì wò ó. Ó ki òwú bọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó yọ́ ìda oyin inú àpótí náà nínú ṣíbí lórí iná, ó fi dí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun. Ó fi ìda dí iwájú orí tó jìn. Ó ń lo agbára. Orí òkú náà ń yí lórí kọnkéré, ó ní kí n dì í mú. Mo di orí ìyàwó mi mú ní etí méjèèjì. Ó tutù, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó po osùn mọ́ òrí. Òrí náà kọ̀, kò yọ́, nítorí ara òkú kò ní ooru tí yóò gbà á. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbo ó kíkankíkan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tó dúdú náà nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Pupa náà bo dúdú. Ó fún Ọ̀gá lé e, kò fi ọwọ́ rà á, ó ń lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi wọlé, ìpele kan lórí ìpele. Lẹ́yìn náà, àtíkè ti Èbúté-Mẹ́ta. Èyí tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ kùn ní òwúrọ̀ Sátidé ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kò nù ún, ó kun tirẹ̀ lé e. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo.

"Dákẹ́. Mo mọ̀ pé o máa ní ó ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù. Gbé ẹnu ẹ sókè. Ọ̀dájú obìnrin."

Nígbà tó parí, ó sún sẹ́yìn, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ìyàwó mi ló wà níwájú mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí bó bá ti fẹ́ jáde ní òwúrọ̀ Sátidé, tí ojú rẹ̀ ń dán bí dígí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ará Òdìkejì. Olórí ẹbí wọlé, ó wò ó, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó ṣeé wò.

Wọ́n gbé pósí náà dé ilé, wọ́n gbé e sórí àga méjì ní pálọ̀, wọ́n lé àwọn ènìyàn jáde. Àwa mẹ́rin ló kù: Màmá, àbúrò rẹ̀, Ará Òdìkejì àti èmi. Wọ́n ṣí ìdérí. Màmá dìde, ó sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ba, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó nà ró.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo ní ta nìyí? Ẹ gbé e kúrò. Kì í ṣe ọmọ mi. Ọmọ tèmi dà?"

Ó gbá àbúrò rẹ̀ létí. Ìyẹn dì í lọ́wọ́ mú, ó ń sọ fún mi lórí èjìká rẹ̀ pé ohun tí òun bẹ̀rù nìyí, kí n pe àwọn tó mú òòlù wọlé. Màmá ń fi orí gbá a láyà. Ó ń pariwo pé wọ́n ti jí ọmọ òun gbé, wọ́n fi òkú olókùú rọ́pò. "Pélé rẹ̀ dà? Ẹ̀yin èké! Pélé ọmọ mi dà?"

Ará Òdìkejì yíjú sí mi. "Pélé wo?"

Wọ́n bu pélé fún ìyàwó mi ní kékeré, ìlà kéékèèké mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nítorí ìyá bàbá rẹ̀ ní ọmọ náà jọ òun, ó gbọ́dọ̀ gbé ojú òun. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ń bò ó. Kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ní òwúrọ̀, ó ti bò ó. Ìyá àwọn ìyàwó tuntun mìíràn lè ní kó bo ilà àwọn, yóò kọ́kọ́ béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó bò ó. Tirẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló ń rí i ní ilé, ní alẹ́, lẹ́yìn tó bá ti fọ ojú.

"Ó ní pélé?" Ará Òdìkejì tún wí. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo ojú ọmọbìnrin yìí láti òdìkejì?"

"Ó ń bò ó."

"Ó bò ó fún èmi?" Inú bí i gidigidi. "Èmi tí mo lè mọ ẹni tó fá irun ojú láti orí bíríìjì?"

Ó já gèlè Màmá gbà lórí àga, ó fi etí rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún òkú náà, ó nù ún bí ẹni ń nu ìkòkò. Àtíkè kúrò, Ọ̀gá kúrò. Pélé jáde níbẹ̀, ìlà mẹ́ta. Màmá dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ìda ni. Ìgò ti kó pélé ibẹ̀ lọ. Ará Òdìkejì mú pẹ́ńsù ojú, ó fà á: ìlà mẹ́ta, ó gún, ó dọ́gba.

"Èyí kọ́," ni Màmá wí. "Wọn kì í fi tìróò kọ pélé. Wọ́n ń là á ni."

Ó na ọwọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Ará Òdìkejì ló mọ̀. Ó wo inú àpótí, ó fi abẹ́ kékeré náà lé e lọ́wọ́.

"Orí itan mi ni olóòlà ti là á," ni Màmá wí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sórí pósí náà. "Èmi ni mo dì í mú. Ó ta mí nípàá, ó tọ̀ sí mi lára, ó fi èékánná ya mí lọ́rùn. Olóòlà ní ọmọ yìí lágbára, ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Ìlà kejì kò tọ́."

Ó la ìlà kìíní sínú ìda náà. Ó la ìkejì, ó wọ́ díẹ̀ sí ọ̀nà etí. Ará Òdìkejì na ìka láti tún un ṣe, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni, Màmá sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó mú abẹ́ gbá ìka náà dànù.

"Fi sílẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí."

Ó la ìkẹta. Ó fi abẹ́ náà sílẹ̀ sórí àyà ọmọ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì fi oríkì pè é, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun.

"Òun ni," ló wí fún wa. "Òun ni wọ́n pa."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún. Ó di etí pósí mú, ó ń fi ìkúùkù gbá a, ó ń gbá a, pákó náà ń dún, títí àbúrò rẹ̀ àti Ará Òdìkejì fi já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n sì mú un wọ yàrá, níbi tó yẹ kí ìyá wà.